Ẹ Má Fi Owó Parí Ìtàn: Bí A Ṣe Ń Kọ Ìtàn Ẹni Tó Bọ́ Lọ́wọ́ Òṣì

Ọkùnrin kan gbé ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ wá bá mi, ojú ewé 140, ó ní kí n bá òun tún un ṣe. Ó ní, "Mo fẹ́ kí ẹni tó bá kà á sunkún." Mo gbé e lọ sílé, mo fi òru méjì kà á tán, ojú mi gbẹ táútáú. Ojú ewé mẹ́fà péré ló fi sọ̀rọ̀ ìyà. Ìyókù, ilé ni, ọkọ̀ ni, àmì-ẹ̀yẹ ni, àwọn èèyàn ńlá tó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ ni. Nígbà tó padà wá, mi ò mẹ́nu kan ìwé náà rárá. Mo bi í pé: "Ọ̀gá, nígbà tí ẹ wà ní kékeré, kí lẹ máa ń wọ̀ sẹ́sẹ̀?"

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní bàtà kan ṣoṣo ni òun àti ẹ̀gbọ́n òun jọ ní. Ẹ̀gbọ́n ń lọ sílé ẹ̀kọ́ láàárọ̀, òun ń lọ lọ́sàn-án. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń pàdé. Ẹ̀gbọ́n á jókòó sórí òkúta, á bọ́ bàtà, òun á ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. "Ó máa ń gbóná," ló wí. "Òógùn ẹ̀gbọ́n mi á ṣì wà nínú ẹ̀." Ó tún ní inú máa ń bí òun, torí pé ẹ̀gbọ́n náà kò bìkítà, ó ti tẹ ẹ̀yìn bàtà náà mọ́lẹ̀ pátápátá, bí òun bá ń rìn, ńṣe ló ń wọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ pé: "Ìyẹn kọ́ lẹ máa kọ o."

Ìyẹn gan-an la máa kọ.

Ó ti di ọdún 19 tí mo ti ń tún ìtàn àwọn ẹlòmíràn ṣe: eré orí rédíò, fíìmù, ìwé ìtàn ìgbésí ayé. Bí ìdajì ohun tó ń dé ọwọ́ mi ló jẹ́ irú kan náà, ẹni tí kò ní nǹkan kan tó wá di ẹni ńlá. Mi ò kórìíra rẹ̀. Irú ìtàn yìí ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí, mo ṣì ń sunkún sí èyí tó bá dára. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ti kú kó tó dọ́wọ́ mi, ohun kan náà ló sì ń pa wọ́n. Ohun tí mo ń ṣe sí wọn ni mo fẹ́ sọ, fún ẹni tó ń kọ tirẹ̀ lọ́wọ́ tàbí tó ń bá ẹlòmíràn kọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń pa wá lẹ́kún

Ẹ rántí ìgbà tí irú ìtàn yìí pa yín lẹ́kún kẹ́yìn. Ṣé ìgbà tí owó wọlé ni? Mo ti bi ọ̀pọ̀ èèyàn, kò tíì sí ẹni tó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Owó máa ń múnú wa dùn, ó máa ń mú wa jowú díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í mú omi jáde lójú. Ohun tó ń mú un jáde ni ìgbà tí ẹnì kan tó mọ bí ìyà náà ṣe rí, tàbí tó ti ń fi ojú pa ẹni náà rẹ́, gbójú sókè, tó sì rí i.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́ mi, kì í ṣe ìwé. Ọdún mẹ́fà ló fi ń nu ilẹ̀ lóru ní ilé ìwòsàn kan, tó sì ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lójú mọmọ. Bàbá kan ń ṣọ́ ilẹ̀kùn iwájú níbẹ̀. Ní gbogbo ọdún mẹ́fà yẹn, bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti yọ, àgbọ̀n ni bàbá náà fi ń júwe ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un. Ọjọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí, kò sunkún. Ọjọ́ tí ilé ìwòsàn yẹn kan náà gbà á gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì, kò sunkún. Àárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ aṣọ funfun dé ẹnu ilẹ̀kùn iwájú, bàbá náà wò ó, ó dìde dúró. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn de bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gba ibẹ̀ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sunkún títí aago iṣẹ́ fi lù. Ẹ bi í lónìí iye tó gbà lóṣù àkọ́kọ́, kò rántí. Ẹ bi í nípa bọ́tìnnì yẹn: àwọ̀ ewé ni, kò bá àwọn yòókù mu, òwú dúdú ni wọ́n fi rán an.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí níṣẹ́ mọ èyí. Lọ́dún 2009, Susan Boyle, obìnrin ẹni ọdún 47, jáde sórí ìtàgé níbi ìdíje kan lórí tẹlifíṣọ̀n ní Bìrìtéènì. Ó ní òun fẹ́ di olórin, àwọn òǹwòran ń yí ojú, wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó la ẹnu, ó kọrin. Ẹ tún fídíò náà wò, kí ẹ fi ojú òǹkọ̀wé wò ó: kámẹ́rà kì í pẹ́ lórí rẹ̀. Ojú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ló ń wá kiri. Àwọn ojú yẹn gan-an ni ìtàn náà. Ta ló sì gba ipò kìíní lọ́dún yẹn? Òun kọ́. Ipò kejì ló ṣe. Kò sí ẹni tí ìyẹn dà láàmú.

Rocky, fíìmù ọdún 1976 nípa abẹ̀ṣẹ́ tálákà tí wọ́n jẹ́ kó bá akọgun àgbáyé jà, ó pàdánù ìjà náà. Bí wọ́n ṣe ń kéde ẹni tó borí, kò tilẹ̀ gbọ́. Orúkọ obìnrin tó fẹ́ràn ló ń ké láàárín èrò. Àti Ragged Dick, ìwé tí Horatio Alger tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1868, nípa ọmọkùnrin kan tó ń nu bàtà fún àwọn èèyàn nígboro New York. Orúkọ Alger ni wọ́n fi ń pe gbogbo irú ìtàn yìí ní Amẹ́ríkà títí dòní. Ẹni tí kò kà á á rò pé Dick di olówó rẹpẹtẹ. Rárá o. Iṣẹ́ akọ̀wé ló rí, dọ́là 10 lọ́sẹ̀. Ohun tó wá ni pé kí wọ́n máa pe òun ní ọmọlúàbí, wọ́n sì pè é.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni ìparí City Lights, fíìmù tí Charlie Chaplin ṣe lọ́dún 1931. Ọmọbìnrin afọ́jú kan tó ń ta òdòdó rò pé olówó ni ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́. Alárìnkiri tí aṣọ rẹ̀ ti gbó ni. Alárìnkiri yìí wá owó ìtọ́jú ojú rẹ̀, ó sì tìtorí ẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n. Nígbà tó jáde, ọmọbìnrin náà ti ń ríran, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ó rí alárìnkiri náà lójú títì, àánú ṣe é, ó fẹ́ fún un ní owó ẹyọ. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú láti fi owó náà lé e. Ọwọ́ yẹn ló fi dá a mọ̀. Ó parí síbẹ̀. Ẹni tó goróyè kọ́ là ń sunkún sí, ẹni tí wọ́n dá mọ̀ ni. Chaplin mọ ohun tó ń ṣe: ọmọ ọdún méje ni nígbà tí wọ́n mú òun fúnra rẹ̀ wọ ilé àwọn aláìní ní London.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ìlà kan, ẹ wá ẹlẹ́rìí. Ẹni tó rí ìyà náà lójúkojú, yálà ó ṣàánú, yálà ó gbójú kúrò. Ẹ fi í síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó pòórá, kó sì padà wá nígbà tí nǹkan ti yí. Bí ẹ kò bá rí ẹlẹ́rìí nínú ìtàn tí ẹ ń kọ, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ padà lọ bá ẹni tó ni ín, kí ẹ bi í pé: "Ta ló mọ̀ nígbà náà?"

Ohun kan tí ọwọ́ lè dì mú

Òṣì gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ kì í ro ẹnikẹ́ni lára. Ẹ kọ pé "a tòṣì gidigidi," òǹkàwé á mi orí, á ṣí ojú ewé kejì. Ẹ kọ bàtà tó gbóná, á dúró.

Bàtà tilẹ̀ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Gbogbo ayé mọ bàtà onídígí Cinderella, ọmọbìnrin ìdí eérú tó jó ní ààfin títí agogo òru fi lù, èyí tí Charles Perrault kọ ní Faransé lọ́dún 1697. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́jọ ṣáájú rẹ̀, Duan Chengshi ti kọ ìtàn Ye Xian sílẹ̀ ní Ṣáínà: ọmọbìnrin tí ìyàwó bàbá rẹ̀ ń fìyà jẹ, bàtà oníwúrà, ọba tó ń wá ẹlẹ́sẹ̀ kiri. Strabo ará Gíríìkì ti sọ ti Rhodopis ṣáájú ìyẹn, tí idì gbé sálúbàtà rẹ̀ jù sí ọba Íjíbítì lórí itan. Nígbà tí Marian Roalfe Cox kó oríṣiríṣi ìtàn Cinderella jọ lọ́dún 1893, 345 ló rí. Mi ò mọ ìdí tí àwọn mìíràn yóò sọ pé ó fi jẹ́ bàtà. Tèmi ni pé adé lè bá orí ẹnikẹ́ni mu, bàtà kì í bá ẹsẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ mu. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

(Ẹ wo ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí: Cinderella tí Perrault kọ kì í ṣe ọmọ tálákà. Ọmọ èèyàn pàtàkì ni bàbá rẹ̀. Wọ́n gba ipò rẹ̀ ni. A kò fẹ́ràn kí èèyàn ṣàdédé gba ohun tí kò ní rí tó bí a ṣe fẹ́ràn kí wọ́n dá ohun tó jẹ́ tirẹ̀ padà fún un. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí òǹkàwé tètè rí ohun tí ẹni yìí ti ní kí owó tó dé, ohùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tó mọṣẹ́, inú rere rẹ̀. Bí owó bá wá dé, á dà bíi gbèsè tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó san.)

Bí ẹ ṣe máa rí ohun náà: ẹ má bi ẹnikẹ́ni pé "báwo ló ṣe rí lára yín?" Ohun tí wọ́n ti ń sọ fún gbogbo èèyàn ni wọ́n máa sọ. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi pamọ́ nígbà náà, ibo ni wọ́n fi í pamọ́ sí. Kí ni ẹ̀yin méjì tàbí mẹ́ta jọ ń lò. Irọ́ wo ni wọ́n pa fún ọ̀rẹ́ wọn. Kí ló wà nílé wọn lónìí tí wọn kò lè dà nù, tí ẹlòmíràn bá rí i á pè é ní pàǹtírí. Ẹ bi í, kí ẹ sì dákẹ́. Ìdáhùn àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ àwàdà. Ẹ dúró de ìkejì.

Bí ẹ bá ti rí ohun náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kó yọjú, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tó ń dunni, nígbà tí a ti gbàgbé rẹ̀, àti nígbà tí a bá rí i pé a kò mọ ohun tó jẹ́ gan-an látìbẹ̀rẹ̀.

Ìtìjú ju ebi lọ

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Nínú ayé, bóyá. Nínú ìtàn, rárá. Ebi kan náà ni gbogbo ebi lójú òǹkàwé. Ọgbọ́n tí èèyàn ń ta kí ẹlòmíràn má mọ̀ pé ebi ń pa òun, ìyẹn kò lójúgbà.

Fíìmù The Pursuit of Happyness, ọdún 2006, tí wọ́n gbé ka ìgbésí ayé Chris Gardner, ní ìran kan tí bàbá àti ọmọ ti sùn nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibùdókọ̀ ojú irin. Ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn lóru, bàbá ń dí i, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rántí ẹkún yẹn. Ohun tó gbé e dúró ni eré tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó wọbẹ̀: bàbá ti sọ fún ọmọ pé àwọn ti padà sí ayé àwọn ẹranko abàmì àtijọ́, àwọn gbọ́dọ̀ sá pamọ́ sínú ihò àpáta. Irọ́ ìfẹ́. Láìsí irọ́ yẹn, ọkùnrin tí kò rílé sùn ló kù, ọ̀kan lára ọ̀pọ̀.

Ẹ kọ ìran ìfarapamọ́, kí ẹ sì gé àkójọ ìyà dànù. Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé eré rédíò wá fún mi rí. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, ìyá kú, bàbá kú, ilé jó, wọ́n lé ọmọ kúrò nílé ẹ̀kọ́, ajá bù ú jẹ. Ibi ajá ni mo ti bú sẹ́rìn-ín. Inú bí i. Mo ní kó yan ìyà kan, kó sì ráyè fún un. Ajá yẹn ló yàn, ẹ wò ó! Ó kọ bí ọmọ náà ṣe ń fi apá ọ̀tún kọ̀wé kí olùkọ́ má bàa rí ojú egbò ní tòsì, bẹ́ẹ̀ òsì ló ń lò. Eré náà dára ju èyí tí èmi ì bá kọ lọ.

Ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn

Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Vermont ní Amẹ́ríkà kó ìtàn 1,327 sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kó wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn àti ibi tó ti ń korò. Oríṣi ìrìn mẹ́fà ni wọ́n rí. Ọ̀kan ń gòkè ṣáá láti ìsàlẹ̀. Òmíràn ń gòkè, ó ń já lulẹ̀, ó tún gòkè. Ìyẹn ni wọ́n fi orúkọ Cinderella pè. Ìkejì yìí ni kí ẹ lò. Agogo òru gbọ́dọ̀ lù. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà tọ́ ọ wò, kí ẹ sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò jó ní ààfin rí kò mọ ohun tó ń jẹ́ kó padà sídìí eérú.

Oníbàárà mi, ọkùnrin oníbàtà yẹn, fo ibi ìjálulẹ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀. Mo bi í, mo bi í, kó tó jẹ́wọ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni òun lò níbi iṣẹ́ gidi àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lé òun, torí òun parọ́ pé òun mọ ìṣirò owó. Oṣù kan gbáko ló tún fi ń de táì jáde láràárọ̀, tó ń lọ jókòó ní ilé ìkàwé, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má bàa mọ̀. Ojú ewé mẹ́rin la fún táì yẹn. Àmì-ẹ̀yẹ méje la gé láti fi wá àyè.

Oríire, àti ẹni tí kò kàn

Ẹ má bẹ̀rù oríire. Ìjàǹbá lè ṣàdédé kó ẹni yín sínú wàhálà, òǹkàwé á gbà. Ṣùgbọ́n bí oríire bá fẹ́ yọ ọ́, kó bá a níbi tó ti ń ṣe nǹkan. Dick rí iṣẹ́ nítorí pé ọmọdé kan já sómi láti inú ọkọ̀, bàbá ọmọ náà sì jẹ́ oníṣòwò. Oríire pátápátá. Àmọ́ Dick ti bẹ́ sómi kó tó mọ ọmọ ẹni tó jẹ́.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn oníbàárà jà ni èyí tó kàn. Gbogbo wọn ló fẹ́ kí n kọ pé iṣẹ́ àṣekára nìkan ni. Ẹ̀dá ò láròpin, lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń gbé wa jókòó títí fíìmù fi parí. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta gbé jáde lọ́dún 2018 fi hàn pé ní Amẹ́ríkà, nínú 100 ọmọ tí wọ́n bí sínú ìdá kan nínú márùn-ún tó tòṣì jù, nǹkan bí 8 ló ń dé inú ìdá kan nínú márùn-ún tó lówó jù. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bi léèrè fojú bù ú sí nǹkan bí 12. Àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n bi ní tiwọn rò pé ó ṣòro ju bó ṣe rí lọ. Mi ò sọ pé kí ẹ da iye yìí sínú ìtàn, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìtàn ẹnì kan tó gòkè ní ẹni tó dúró sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá pa onítọ̀hún rẹ́, òǹkàwé tó wà nísàlẹ̀ á gbọ́ pé ọ̀lẹ lẹ̀ ń pe òun.

Ti oníbàárà mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Bàtà kan náà, ilé ẹ̀kọ́ kan náà, òbí kan náà. Owó ilé ẹ̀kọ́ kò tó èèyàn méjì lọ́dún kan, wọ́n yan ẹni tó ku ọdún díẹ̀ kó jáde. Àbúrò ni, torí ẹ̀gbọ́n ti tún kíláàsì kan ṣe lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn àìsàn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Kò sí ọ̀lẹ níbẹ̀, kò sí akọni. Nínú ojú ewé 140, ẹ̀gbọ́n náà pòórá lẹ́yìn orí kẹta. Mo ní kó dá a padà. Ó ní ìtìjú ló máa jẹ́ fún ẹ̀gbọ́n òun. Mo ní, "Ẹ bi wọ́n ná." A fẹ́ẹ̀ jà lórí ẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì kò fi gbé fóònù mi.

Àwọn nǹkan kéékèèké

Ẹ má jẹ́ kí òjò rọ̀ ní ọjọ́ ìbànújẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó fìyà jẹ ẹni yín wá tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ̀ níparí, ó dùn mọ́ ìkà inú wa ni, kò dùn mọ́ ọkàn. Kó de bọ́tìnnì rẹ̀ ti tó. Ẹ gé gbogbo ibi tí olówó tuntun ti ń gba ọ̀dọ́ nímọ̀ràn.

Tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ kà á sókè sétí ẹnì kan tí kò fẹ́ràn yín jù. Ẹ má wo ojú rẹ̀, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti fi fóònù tó ń fi ṣeré sílẹ̀, ẹ sàmì síbẹ̀. Ibi tó bá ti mú un padà, ẹ gé e, kódà bó jẹ́ ibẹ̀ lẹ fẹ́ràn jù.

Ibi tí ẹ ó ti dúró

Ẹ tún wo ìparí The Pursuit of Happyness. Wọ́n sọ fún ọkùnrin náà pé ó ti rí iṣẹ́. Ó jáde sí àárín èrò tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n, ó ń pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ lẹ́yìn náà, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ dọ́là, ìlà díẹ̀ tí wọ́n kọ sójú fíìmù ló gbé gbogbo rẹ̀. Bí ọrọ̀ inú ìtàn yín bá gbà ju ìlà mẹ́ta lọ níparí, ẹ wo ohun tí ẹ fi ń bò mọ́lẹ̀.

Àwa náà kò tíì mọ ibi tí tiwa máa parí sí nígbà tí oníbàárà mi padà dé, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti fún un ní ìwé náà kà. Ẹ̀gbọ́n náà ga ju àbúrò lọ dáadáa. Ìka rẹ̀ wà láàárín ojú ewé kan, kò jẹ́ kó padé látìgbà tó ti jókòó. Mo rò pé ọ̀rọ̀ owó ilé ẹ̀kọ́ ló fẹ́ bá wa fà.

Ó ṣí i, ó gbé e sórí tábìlì. Bàtà ni.

Ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé: "O kọ ọ́ síbí pé mi ò bìkítà."

Àbúrò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn bàtà yẹn..."

"Ọjọ́ tí bàbá mú wa lọ rà á, èmi ni mo ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tìẹ wọ̀n ọ́n. Bó bá jẹ́ tèmi ni, á máa bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹ lójú ọ̀nà. Gìgísẹ̀ mi ò wọ̀ ọ́. Kò wọ̀ ọ́ rí."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń tún àṣìṣe ọjọ́ orí ṣe. Àbúrò rẹ̀ kò lè wò ó lójú. Abẹ́ tábìlì ló ń wò, ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà.